“Gìtá dà?”: Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ lọ́sẹ̀ yìí

Ara mi ò tíì balẹ̀ bí mo ṣe ń kọ èyí. Kò ju ọjọ́ mẹ́rin lọ tí mo fi orin mẹ́fà ránṣẹ́ sí ọmọbìnrin tó gbéṣẹ́ fún mi. Ohùn rẹ̀ àti gìtá nìkan ni, kò sí ìlù, kò sí dùùrù. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi ká wọn sílẹ̀ nínú yàrá tí mo ń sùn. Ẹ̀yin náà kúkú mọ̀ ọ́n: ẹ ó pa fíríìjì, ẹ ó fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bo ògiri, ẹ ó dúró títí gbogbo ilé á fi sùn, ajá kan á wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbó bó ṣe ku ẹsẹ kan kí orin parí.

Máìkì méjì ni mo lò fún gìtá. Ọ̀kan kọjú sí ibi tí ọrùn gìtá ti wọ ara rẹ̀, èkejì kọjú sí ìdí rẹ̀ lápá ibi tí wọ́n so okùn mọ́. Mo ti gbọ́ pé kí méjèèjì jìnnà sí gìtá bákan náà, nítorí náà mo mú okùn, mo fi wọ̀n ọ́n, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 30 ní apá kọ̀ọ̀kan. Ẹ má gbàgbé okùn yẹn.

Nígbà tí mo wá jókòó láti po ohùn pọ̀, mo gbé ọ̀kan sí etí òsì, mo gbé èkejì sí etí ọ̀tún. Ó dùn, àmọ́ kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ni mo bá rí bọ́tìnnì kékeré kan, òdo tí wọ́n fi ìlà gba àárín rẹ̀ kọjá, èyí tó ń yí polarity padà, ìyẹn ni pé ó ń dorí ìgbì ohùn kodò: ibi tó yẹ kó lọ sókè, á lọ sísàlẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ lápá kan. Háà! Gìtá fẹ̀, ó jáde kúrò nínú hẹ́dífóònù, ó yí mi lórí ká. Mo ní mo ti já awo àwọn ọ̀gá. Orin mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni mo tẹ̀ ẹ́ fún.

Lálẹ́ ọjọ́ tí mo fi ránṣẹ́, ó kọ̀wé sí mi: “Ẹ kú iṣẹ́ sà. Ohùn mi dùn gan-an. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́ sà, gìtá dà?”

Inú bí mi. Mo ní kó lọ wá hẹ́dífóònù gidi. (Ó dùn mí pé mo sọ bẹ́ẹ̀, ẹ má bá mi wí mọ́.) Lọ́jọ́ kejì, òun àti ìyá rẹ̀ wá. Ó gbé fóònù rẹ̀ sórí tábìlì, irú èyí tí ẹnu rẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan, ó sì tẹ orin. Ohùn rẹ̀ jáde ketekete, òun nìkan, bí ẹni tó ń kọrin nínú ilé òfìfo. Lẹ́yìn rẹ̀ lọ́hùn-ún, èékánná mi ń ha okùn: ṣẹ́ẹ́, ṣẹ́ẹ́, ṣẹ́ẹ́. Ó wá dé ibi tó ti dákẹ́ kí gìtá lè dá sọ̀rọ̀, ibi tí mo fi òru mẹ́ta gbáko ṣe. Kò sí nǹkan kan. Ṣẹ́ẹ́, ṣẹ́ẹ́. Kò wojú mi, tábìlì ló ń wò. Ìyá rẹ̀ ló fọhùn: “Àbí fóònù yìí ló bàjẹ́ ni?” Mo ní ó ṣeé ṣe bẹ́ẹ̀, mà.

Wọ́n lọ tán, mo fi fóònù tèmi gbọ́ ọ. Bákan náà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. Fóònù ẹlẹ́nu kan ń pa òsì àti ọ̀tún pọ̀ di ọ̀kan ni. Bọ́tìnnì tí mo tẹ̀ ti sọ máìkì kan di alátakò èkejì: bí ọ̀kan bá ń ti ilẹ̀kùn, èkejì ń fà á, ilẹ̀kùn ò sì mira. Okùn tí mo fi wọ̀n ọ́n dáadáa ló wá mú kí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ara wọn tán. Ìró tó tín-ín-rín nìkan ló yọ, ìyẹn èékánná.

Mo dá bọ́tìnnì padà, mo tún ohùn gìtá ṣe, ó parí nírọ̀lẹ́ kan. Ó gbà á, ó dúpẹ́.

Nítorí náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa gbọ́ iṣẹ́ yín ní mono, ìyẹn òsì àti ọ̀tún tí a pa pọ̀ di ọ̀kan. Nínú èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ètò tí a fi ń ṣe orin lórí kọ̀ǹpútà, bọ́tìnnì kan ni. Ẹ tẹ̀ ẹ́ kí ẹ tó sùn, ẹ tẹ̀ ẹ́ kí ẹ tó fi ránṣẹ́.

Ìkejì, ẹ má gba hẹ́dífóònù gbọ́. (Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan náà ni. N ó ṣì sọ ọ́.) Etí kan ò gbọ́ ti èkejì níbẹ̀, ohun tó ń jà kò lè pàdé.

Ẹ má sì kọjú máìkì sí ihò gìtá gan-an. Ibẹ̀ ni ó ti ń hó gùùù, ní nǹkan bíi 100 Hz (iye ìgbà tí ohùn ń mì ní ìṣẹ́jú àáyá kan), ẹ ó sì máa fi EQ, irinṣẹ́ tó ń dín apá kan ohùn kù tàbí tó ń fi kún un, bá a jà títí ilẹ̀ á fi mọ́. Sísún máìkì ní ìbú ọwọ́ kan ṣe é ju EQ lọ. Ẹ lè gé ohun tó wà lábẹ́ 80 Hz, torí okùn tó nípọn jù ò kọjá 82 Hz nísàlẹ̀ bí ẹ bá yí i bó ṣe wọ́pọ̀. Ẹ tún okùn yí kí ẹ tó ká orin kọ̀ọ̀kan, ẹ má jẹ́ kí ohùn kan ibi pupa lórí òṣùwọ̀n ohùn.

Ẹni tó bá ní ó yẹ kí n ti mọ̀, mo gbà. Mo mọ̀ ọ́n lórí ìwé. Mi ò tẹ mono ni.

Ó ti gbé orin méjì míì wá. Máìkì kan ni mo gbé kalẹ̀ lálẹ́ yìí. Ìyá rẹ̀ ti bá a ra fóònù tuntun, mi ò sì tíì rí ẹnu sọ fún wọn.