Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nígbà tí mi ò já mọ́ nǹkan kan mọ́ lójú ara mi

Ẹ̀yin àbúrò mi lẹ́nu iṣẹ́, mo pé ọdún 15 nídìí iṣẹ́ ìṣirò owó lóṣù yìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n bá ọ̀kan nínú yín wí nípàdé, ó sì dorí kodò títí a fi tú ká. Mo mọ ojú yẹn. Òun ló jẹ́ kí n kọ èyí.

Èkíní, ẹ má fi ọ̀rọ̀ ẹnu tan ara yín. Lọ́dún kẹta mi, mo fi òdo kan lé iye owó nínú ìròyìn tí mo kà fáwọn ọ̀gá. Ọ̀gá mi ju ìwé náà sórí tábìlì, ó ní, "Ta ló gba eléyìí síṣẹ́?" Kẹ́kẹ́ pa. Àtúnṣe àṣìṣe náà ò gbà ju ìṣẹ́jú 5 lọ, ṣùgbọ́n oṣù 8 ni ọ̀rọ̀ yẹn fi jókòó sí mi láyà. Mi ò béèrè ohunkóhun mọ́. Bí wọ́n bá yìn mí, mo máa ń rò pé wọ́n ń ṣàánú mi ni. Láràárọ̀, mo ń dúró níwájú dígí, mo ń wí pé, "Mo mọ iṣẹ́ mi dunjú," ọkàn mi á sì dáhùn pé irọ́ ni. Ó pẹ́ kí n tó kà nípa ìwádìí tí Joanne Wood, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìhùwà ẹ̀dá, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kánádà gbé jáde ní 2009: àwọn tí ò ka ara wọn sí tẹ́lẹ̀, ńṣe ni irú ìyìn ara ẹni bẹ́ẹ̀ tún ba inú wọn jẹ́ sí i.

Èkejì, ohun tọ́wọ́ yín ṣe ni kẹ́ ẹ fi dá ọkàn yín lóhùn. Albert Bandura, tóun náà jẹ́ onímọ̀ nípa ìrònú àti ìhùwà ẹ̀dá, ti kọ ọ́ láti 1977: ohun téèyàn fúnra rẹ̀ ṣe láṣeyọrí ló ń fìdí "mo lè ṣe é" múlẹ̀ jù. Ẹ̀gbọ́n kan níbi iṣẹ́ ló bẹ̀rẹ̀ sí í fún mi ní ojú ewé ìṣirò kan lójúmọ́ láti yẹ̀ wò. Mo ń kọ ọjọ́ àti ohun tí mo parí sínú ìwé kékeré kan. Lọ́sẹ̀ kẹfà, mo rí àṣìṣe kan tí gbogbo wọn ti gbójú fò. Mo nawọ́ sókè nípàdé. Ohùn mi ń gbọ̀n, àmọ́ mo sọ ọ́ tán.

Àwọn kan ń sọ pé ọ̀gá yẹn ló tọ́ mi sọ́nà. Rárá o! Kò bẹ̀ mí títí ó fi fẹ̀yìn tì, ó sì ń dùn mí dòní. Ẹ̀gbọ́n tó jókòó tì mí ló kọ́ mi níṣẹ́.

Ìwọ àbúrò tó dorí kodò yẹn, wá bá mi láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé. Mo ti ya ojú ewé kan sọ́tọ̀ fún ẹ.