Ibi tí wọ́n so òpó mọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ bèèrè

Inú mi ṣì ń ru, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi finite element, ìṣirò kọ̀ǹpútà tó ń pín irin sí wẹ́wẹ́, wá ẹrù tí òpó máa rù kó tó tẹ̀, ẹ ó mọ ohun tí mò ń wí.

Táǹkì omi ni wọ́n fẹ́ gbé sókè ní Ìpẹ́rú. Lítà 4000, ẹsẹ̀ irin mẹ́rin tó ga ní mítà 6, irin oníhò onígun mẹ́rin, 75 mílímítà, awọ rẹ̀ 3 mílímítà. Kò sí irin ìdábùú kankan láàárín wọn. Ẹ̀gbọ́n tó ṣe iṣẹ́ kọ̀ǹpútà rẹ̀ ní ó di ìlọ́po 16 ẹrù yẹn kó tó tẹ̀. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe so orí rẹ̀?" Wọ́n wò mí tẹsẹ̀-torí. "Ìwọ ọmọ yìí, ta ló pè ọ́ sí i?" Láńdíọ́ọ̀dù ní kí n jókòó. Àwọn wẹ́dà bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan tiẹ̀ ní kí n lọ ra omi tútù wá, mo sì lọ rà á. Kì í ṣe pé ẹ̀rù bà mí o! Ta ló ń bá àgbà fa ọ̀rọ̀ níwájú ẹni tó gbéṣẹ́ fún un?

Nígbà tó yá, wọ́n ṣí fáìlì, wọ́n rí ohun tí mo rí, pé kọ̀ǹpútà ka orí òpó sí èyí tí wọ́n kàn pa, wọ́n fi ìdábùú sí i. Ó tán.

Ẹ̀kọ́ kìíní: ibi tí wọ́n so òpó mọ́. Irin yẹn kan náà, bí ẹ bá kan orí àtẹsẹ̀ ẹ̀ pa, ìṣirò Euler, fọ́múlà tí a fi ń wá ẹrù tí òpó fi máa tẹ̀, ní kílónewton 164 (kílónewton kan tó ìwúwo nǹkan bíi kílò 100). Bí kọnkéré bá di ẹsẹ̀ mú tí orí wà lófo, 10 péré ni, omi nìkan sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 10 lórí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Bóòtù kan ṣoṣo ló wà lórí tiwa. Ṣé ìyẹn ni wọ́n kàn pa?

Ẹ̀kọ́ kejì: ẹ fi bírò ṣe é kí ẹ tó tan kọ̀ǹpútà. Bí méjèèjì ò bá bára mu, ẹ padà síbi tí wọ́n so ó mọ́. Mo mọ̀ pé mo ti sọ ọ́, mo tún un sọ ni.

Ìkẹta, eigenvalue, ìṣirò kọ̀ǹpútà tó ń wá ẹrù tí òpó fi máa tẹ̀ àti ìrísí tó máa tẹ̀ sí, gbà pé òpó gún régé, nọ́ńbà rẹ̀ sì máa ń ga ju ti gidi lọ. Ẹ mú ìrísí àkọ́kọ́ tó gbé jáde, ẹ fi tẹ òpó díẹ̀, bíi ìdá kan nínú 1000 gígùn rẹ̀, kí ẹ wá ṣe nonlinear, ìṣirò tó ń tẹ̀lé bí òpó ṣe ń tẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹrù ṣe ń pọ̀ sí i. Fún mítà 6, mílímítà 6 nìyẹn. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ na okùn sára irin tí wẹ́dà gbé wá, torí òmíràn ti wọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ láti ọjà.