Ọmọ Ta Ló Wà Nínú Álúbọ́ọ̀mù Ìyàwó?

Ojú oorun ni mo wà láàárọ̀ Mọ́ńdè tí ìyá ọkọ ìyàwó fi pè mí. Wọn ò dúró gba ìkíni. "Fótò, ọmọ ta lo tẹ̀ sínú álúbọ́ọ̀mù ọmọ mi? Àbí ọmọ kan wà níbì kan tí wọn ò sọ fún mi?"

Oorun dá lójú mi kíá.

Ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ tí a sọ lórúkọ ní Bàrígà ni. Ibẹ̀ ni mo ti wọ kẹ̀kẹ́ márúwá lọ síbi ìgbéyàwó ní Onípáànù lọ́jọ́ Sátidé kan náà, kámẹ́rà kan náà, káàdì kan náà. Nígbà tí mo padà sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Ṣómólú lálẹ́, mo ki káàdì bọ kọ̀ǹpútà, Shotwell, ètò tó ń kó fótò wọ kọ̀ǹpútà, jáde, mo tẹ Import All (kó gbogbo rẹ̀ wọlé), mo sì lọ jẹ ẹ̀bà mi.

Ubuntu, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi Windows, ni mò ń lò. Àbúrò ìyàwó mi ló bá mi gbé e sórí kọ̀ǹpútà nígbà tí fáírọ́ọ̀sì inú fláàṣì àwọn kọ́sítọ́mà fẹ́ sọ mí di aláìníṣẹ́. Ní 2010 ni wọ́n fi Shotwell rọ́pò F-Spot, ètò fótò tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, nínú Ubuntu. Bó ṣe ń ṣe ni pé ó máa ń kó fótò sínú Pictures, á pín in sí fódà ọdún, oṣù àti ọjọ́. Ẹni tó ń ya ọmọ tirẹ̀ nílé á gbádùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní tèmi, ìsọmọlórúkọ, ìgbéyàwó àti òkú lè bọ́ sí Sátidé kan ṣoṣo, gbogbo wọn á wá jọ sùn sórí ẹní kan. Ẹ̀bi tèmi ni, mi ò wo ojú fótò kí n tó gbé e fún àwọn onítẹ̀wé.

Mo ṣí terminal, ojú ibi tí a ti ń kọ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà, mo kọ sudo apt install rapid-photo-downloader kí n lè gba Rapid Photo Downloader, ètò mìíràn tó ń kó fótò láti inú káàdì. Ohun tí mo fẹ́ràn jù níbẹ̀ ni Job Code, orúkọ tí ẹ bá fún iṣẹ́ kan: tí ẹ bá ti fi í sínú ètò orúkọ fódà, ẹ lè kọ "Ìsọmọlórúkọ Bàrígà" kí fótò tó wọlé. Timeline rẹ̀ náà máa ń ya fótò aago mẹ́sàn-án àárọ̀ sọ́tọ̀ sí ti aago méjì ọ̀sán.

Síbẹ̀, mo ki káàdì bọ̀ ọ́, Shotwell tún jáde! Mo fi bí wákàtí kan wá ibi tí màá ti yí i padà nínú Default Applications. Ẹ má ṣe bíi tèmi o. Photos tó wà níbẹ̀, ohun tó ń ṣí fótò ló ń yàn. Settings, Removable Media, lẹ́yìn náà Photos, ibẹ̀ ni mo ti yí i sí Rapid Photo Downloader. Fódà DCIM ni kọ̀ǹpútà fi ń dá káàdì kámẹ́rà mọ̀, ìdí nìyẹn tí fláàṣì kọ́sítọ́mà kan tó ní DCIM nínú fi ṣí Rapid Photo Downloader lánàá.

Owó ara mi ni mo fi tún ojú ewé méjì tẹ̀. Nígbà tí mo gbé e dé, màmá ní kí n fún àwọn ní fótò ọmọ tí mo yọ, pé ó lè fa ọmọ wọlé fún ìyàwó.

Mo ní, "Ẹ má bínú, Mà, ọmọ ọlọ́mọ ni."