Ìṣaasùn Màámi

Sátidé, ọjọ́ 14 oṣù Okúdù 2025

Màámi ti gbé ìṣaasùn lọ. Mo ní kí n wẹ̀ kí n tó jókòó ti iṣẹ́, ìgbà tí mo máa fi dé, orí àpótí tí mo gbé e lé ti ṣófo. Ọsàn méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nìkan ló kù. Mo gbọ́ ìró ọ̀bẹ lórí pákó ní kíṣìnì. Ilá ni wọ́n ń rẹ́.

"Màámi, iṣẹ́ ni mò ń fi ìkòkò yẹn ṣe o."

"Èmi náà, iṣẹ́ ni mo fẹ́ fi ṣe. Àbí àwòrán la máa jẹ lọ́sàn-án?"

Mi ò fèsì. Àwọn ló ni ìkòkò, àwọn náà ló ni mí. Mo padà síwájú kánfáàsì, mo ń wo ìkòkò tí mo yà, torí ojúlówó ti wà lórí iná igi ní ẹ̀yìnkùlé. Ó yà mí lẹ́nu pé ìgbà tí kò sí níwájú mi mọ́ ni mo wá rí ibi tí mo ti ṣìṣe. Èjìká òsì rẹ̀ ga ju tọ̀tún lọ. Ó dà bí ẹni tó dẹ etí sílẹ̀ láti gbọ́ òfófó.

Ọ̀sẹ̀ kẹfà rèé tí mo ti ń kọ́ àwòrán yíyà. Fún ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bá mi kàn níbí, tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí, ọmọ ọdún 44, mi ò ya nǹkan kan rí ju ewé àti kòkòrò tí mo máa ń fi ṣọ́ọ̀kì yà sójú pátákó. Nígbà tí a wọlé sáà kẹta, iléèwé wa gba ọmọkùnrin kan pé kó wá ya máàpù Nàìjíríà sára ògiri. Átíìsì ni gbogbo wa ń pè é ní Ọ̀jọ́ọ̀. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́bàá títì, ibẹ̀ ló ti ń kọ sáìnbọ́ọ̀dù, tó sì ń ya àwòrán àwọn tó ń ṣe ọjọ́ ìbí àti àwọn tó ti lọ. Mo dúró tì í títí odò Ọya àti Bẹ́núè fi pàdé ní Lọ́kọ́ja. Mo bi í bóyá àgbàlagbà lè kọ́ ọ. Ó ní, "Mà, ṣebí ẹ mọ lẹ́tà A kọ? Ẹ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn."

Mo lọ sí Dùgbẹ̀, mo ra páálí ọ̀dà olóròóró kan, túùbù 12, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò ju ìka ọwọ́ mi lọ. Átíìsì tú u, ó ṣa márùn-ún sọ́tọ̀: Titanium White tó jẹ́ funfun, Ultramarine tó jẹ́ àwọ̀ aró, Burnt Umber tó jẹ́ búráùn tó ki, Yellow Ochre tó jẹ́ yẹ́lò bí erùpẹ̀, àti pupa kan. Ó ní kí n kó ìyókù pamọ́. Ní ti túùbù dúdú, kò tiẹ̀ jẹ́ kí n rí i pamọ́. Ó jù ú sápò ṣòkòtò rẹ̀. "Ẹ ó gbà á lọ́jọ́ tí ẹ ò bá nílò rẹ̀ mọ́, mà." Mo rò pé ọgbọ́n ló fẹ́ fi gba ọ̀dà mi.

Òun náà ló bá mi ṣe kánfáàsì àkọ́kọ́. Aṣọ tó nípọn, irú èyí tí wọ́n fi ń rán àpò, ló nà mọ́ férémù igi, ó wá po ọ̀dà ilé funfun mọ́ gọ́ọ̀mù káfíńtà, ó fi kun ojú aṣọ náà lẹ́ẹ̀mejì. Mo bi í pé kí ló dé tí a ò kàn ya àwòrán sórí aṣọ bó ṣe wà. Ó ní òróró tí wọ́n fi po ọ̀dà yìí, tó bá kan òwú lásán, díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa jẹ ẹ́ títí yóò fi gbó.

Ọ̀rọ̀ òróró yẹn ló kọ́kọ́ kó èmi àti Màámi sínú àríyànjiyàn. Wọ́n rí ìgò kékeré lọ́wọ́ mi, wọ́n béèrè iye tí mo rà á, mo dín in díẹ̀, síbẹ̀ wọ́n pariwo. "Ṣé epo pupa ò lè ṣe é ni?" Kò lè ṣe é. Epo pupa tó bá ta sórí tábìlì lónìí, ẹ fi í sílẹ̀ di ọdún tó ń bọ̀, yóò ṣì máa lẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́. Àmọ́ òróró linseed, tí wọ́n ń fún láti inú wóró ọ̀gbọ̀, ewéko kan náà tí wọ́n ń fi okùn ara rẹ̀ hun aṣọ ọ̀gbọ̀ inú Bíbélì, máa ń fa ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, á sì dì. Kì í gbẹ bí aṣọ tí a sá sóòrùn, tí omi ń kúrò lára rẹ̀. Ńṣe ló ń di nǹkan mìíràn. Bó ṣe ń ṣe bẹ́ẹ̀, ara rẹ̀ a máa móoru, ìdí nìyẹn tí Átíìsì fi kìlọ̀ fún mi gidigidi pé n kò gbọdọ̀ ká àkísà tí mo fi nu búrọ́ọ̀ṣì jọ sí kọ̀rọ̀ kan. Ooru náà lè há sínú rẹ̀ kó sì gbiná fúnra rẹ̀. Kí n tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbalaja, tàbí kí n rì í sínú omi. Mo sọ èyí fún Màámi. Láti ọjọ́ náà ni wọn kò ti jẹ́ kí àkísà mi sùn nínú ilé.

Ohun tí mi ò mọ̀ rí ni pé àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ní àsìkò tirẹ̀. Burnt Umber tí mo fi ya ìlà àkọ́kọ́ ti gbẹ lọ́jọ́ kejì, torí mangánísì tó wà nínú erùpẹ̀ tí wọ́n fi ṣe é ń mú kí òróró tètè dì. Funfun ní tirẹ̀, ọjọ́ karùn-ún nìyí, ó ṣì tutù. Ìdí abájọ nìyẹn tí wọ́n fi ń fi tọ́pẹ́ńtáìnì la ìpele àkọ́kọ́ kó lè fúyẹ́, òróró a wá máa pọ̀ sí i lókè. Ẹni tó bá yí i padà dà bí ẹni tó rẹ́ ògiri tí kò tíì gbẹ. Bó pẹ́ bó yá, yóò sán. Èmi tó jẹ́ pé ẹ̀wà kì í jinná lójú mi!

Ẹnu ìkòkò náà fojú mi rí nǹkan. Ọwọ́ mi mọ̀ pé ó rí róbótó, nítorí náà róbótó ni mo yà á, àfi bí ẹni pé mo wà lókè àjà tí mò ń wò ó nísàlẹ̀. Láti orí àga tí mo jókòó sí, ẹ̀yà ẹyin tó fẹ́ di pẹlẹbẹ ni ojú mi ń rí. Mo pa á rẹ́ lẹ́ẹ̀mẹrin. Mo rántí Àìná Ọnàbólú, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde tí wọ́n bí lọ́dún 1882, ẹni àkọ́kọ́ tí a máa ń dárúkọ tí ọ̀rọ̀ bá kan yíya àwòrán lọ́nà ìgbàlódé ní ilẹ̀ yìí. Àwòrán inú ìwé àti ìwé ìròyìn òyìnbó ló fi kọ́ ara rẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́ ìjọba l'Ékòó, ó ń yàwòrán lẹ́yìn iṣẹ́. Ọdún 1920 ló tó lọ kọ́ṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, ó ti ń súnmọ́ ogójì ọdún nígbà náà. Nígbà tó padà dé tó ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé, wọ́n sọ ọ́ ní Mr. Perspective, torí ọ̀rọ̀ bí nǹkan ṣe ń rí láti ọ̀ọ́kán kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ká ní ó rí ẹnu ìkòkò mi, yóò ní kí n dúró lẹ́yìn kíláàsì.

Dúdú ló wá jẹ́ iṣẹ́ gan-an.

Ẹ̀yin náà ẹ mọ ìṣaasùn tó ti pẹ́ lórí iná igi. Ó dú bí kóró iṣin. Ohun tí mo rò ni pé kí n kàn fi dúdú kùn ún, kó parí. Mo lọ bá Átíìsì pé kó fún mi ní túùbù mi. Kò fún mi. Ó tẹ̀lé mi wálé, ó fún ojú rẹ̀ mọ́ra, ó ní kí n fún tèmi náà mọ́ra kí n wo ìkòkò. "Mà, ẹ má wo ìkòkò. Ẹ wo ibi tó dú jù, ẹ wo ibi tí kò dú tó o." Mo wò ó fún nǹkan bí ìṣẹ́jú márùn-ún, mi ò rí nǹkan kan. Ìgbà tó yá ni mo rí i. Ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí fèrèsé kò dú rárá, àwọ̀ adìrẹ tó ti ń ṣá ló ní. Ìsàlẹ̀ ikùn rẹ̀, níbi tí ọsàn wà, pọ́n rúsúrúsú, torí ọsàn ń ta àwọ̀ rẹ̀ sí i lára. Ní ọrùn rẹ̀, nǹkan kan ń kọ yẹ̀rì bí omi.

Ó ní kí n po Ultramarine mọ́ Burnt Umber. Mo pò wọ́n, wọ́n di dúdú! Tí Ultramarine bá pọ̀ díẹ̀, dúdú náà a tutù, a sá sẹ́yìn. Tí Umber bá pọ̀, a gbóná, a súnmọ́ èèyàn. Túùbù tó wà lápò Átíìsì kò lè ṣe ìkankan nínú méjèèjì.

Nígbà tí mo wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, wọ́n kọ́ wa pé àwọ̀ mẹ́ta ni Yorùbá ní: funfun, pupa, dúdú. Aró wà lábẹ́ dúdú, ewé tó gbó wà lábẹ́ rẹ̀, òru náà wà níbẹ̀. Ó máa ń dùn mí, bíi pé àwọn baba wa ò fara balẹ̀ wo nǹkan. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ kan ń pariwo lórí mi: adúmáadán. Ẹni tó dá ọ̀rọ̀ yẹn ti rí ohun tí mi ò rí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó rí dídú, ó rí dídán, kò jẹ́ kí ọ̀kan pa èkejì. Mo tún lọ wo àwọn àwòrán Yusuf Grillo lórí fóònù mi, bàbá tó di olóògbé lọ́dún 2021, tó ṣe olórí ẹ̀ka iṣẹ́ ọnà ní Yaba Tech fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọ̀ aró ló fi ń ya ara àwọn obìnrin rẹ̀, mo sì ti máa ń rò pé àrà lásán ló ń dá. Mi ò rò bẹ́ẹ̀ mọ́.

Nígbà tí mo fi ṣónṣó búrọ́ọ̀ṣì tọ́ funfun sí ọrùn ìkòkò, Màámi dúró lẹ́yìn mi. "Hẹ̀n-ẹ́n. Inú ìkòkò dúdú lẹ̀kọ funfun ti ń jáde." Wọ́n bá tiwọn lọ.

Kì í ṣe pé gbogbo rẹ̀ ń dùn. Ọjọ́bọ̀ tó jẹ́ ọlidé June 12, inú mi dùn pé ọjọ́ kan gbáko ló bọ́ sí mi lọ́wọ́, ọsàn ni mo fẹ́ parí. Wọ́n mú iná lọ ní aago mẹ́fà, mo tan iná oníbátìrì, èyí tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ funfun bí ti ọsibítù, mo ń báṣẹ́ lọ. Lójú mi, ọsàn náà ń ṣàárẹ̀, mo ń fi pupa kún un, mo tún ń fi kún un. Láàárọ̀ àná, tòmátì méjì ni mo bá lórí kánfáàsì. Mo fi ọ̀bẹ pẹlẹbẹ ha gbogbo rẹ̀ kúrò, mo fi àkísà nù ún. Àánú tí ọ̀dà yìí ní nìyẹn, kì í yára gbẹ mọ́ àṣìṣe èèyàn lórí.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pè lórí fóònù lónìí, ó bi mí bóyá owó wà nídìí rẹ̀. Mo sọ ìtàn Tútù fún un, ọmọ ọba Ilé-Ifẹ̀ tí Ben Enwonwu yà, tí wọ́n ta ọ̀kan nínú àwọn àwòrán rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 2018 ní iye tó lé ní mílíọ̀nù kan pọ́n-ùn. Ó dákẹ́ díẹ̀. "Ọmọ ọba nìyẹn. Ta ni yóò ra ìkòkò?"

A jẹun tán ní nǹkan bí aago mẹ́ta, àmàlà àti ilá, ó dùn. Mo tún èjìká òsì ìkòkò náà ṣe láìsí ìkòkò níwájú mi, ó sì gún. Lẹ́yìn náà ni Màámi gbé ìṣaasùn wọlé, wọ́n gbé e ka orí àpótí, wọ́n tiẹ̀ tún ọsàn tò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó ń tàn yinrin. Wọ́n ti fi kànrìnkàn àti eérú bó gbogbo èéfín ara rẹ̀ kúrò. Amọ̀ pupa ti jáde ní ikùn àti ní ọrùn, kò kù ju àbàwọ́n kékeré kan lọ nísàlẹ̀.

"Mo fọ̀ ọ́ kó lè fani mọ́ra nínú àwòrán rẹ," ni wọ́n wí. Wọ́n wo kánfáàsì, wọ́n wo ìkòkò. "Ṣé o rí i pé tìrẹ ti dọ̀tí jù?"

Mo dúpẹ́. Mo fi ọṣẹ dúdú fọ búrọ́ọ̀ṣì, mo gbé kánfáàsì sókè wọ́dúróòbù, mo dojú rẹ̀ kọ ògiri. Mo wá bi wọ́n jẹ́jẹ́ pé ìgbà wo ni wọ́n tún máa dáná igi.