Ẹ̀wà, Kùrukùru àti Ìyá Ìyàwó Mi

Láti ìgbà tí ìyá ìyàwó mi ti dé sí Lọ́ńdọ̀nù láti Ìbàdàn ni wọ́n ti gba rímóòtù lọ́wọ́ mi. Fíìmù òyìnbó àtijọ́, aláwọ̀ dúdú àti funfun, ni wọ́n ń wò. Èyí tí wọ́n fẹ́ràn jù ni àwọn fíìmù ọ̀daràn Edgar Wallace, òǹkọ̀wé ìtàn ọ̀daràn kan, tí wọ́n yà ní Merton Park, níhìn-ín ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, láàárín ọdún 1960 sí 1965. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kì í ju bíi wákàtí kan lọ. Wọn ò náwó lé e: yàrá méjì, tẹlifóònù kan, òṣèré díẹ̀. Ibi tówó ò bá dé, èmi rò pé kùrukùru ni wọ́n fi ń bò ó.

Àwọn òṣèré díẹ̀ yẹn ló ń dájà sílẹ̀. Ọkùnrin kan pààyàn lọ́jọ́ Ajé, wọ́n mú un. Lọ́jọ́bọ̀, òun náà ló tún dé, ó ti di ọlọ́pàá.

"Bàbá Tọ́lá, ṣé wọn ò tíì yẹgi fún eléyìí ni?"

"Fíìmù mìíràn nìyí, mà."

"Fíìmù mìíràn, ojú kan náà!"

Màmá sì mọ ọ̀daràn mú. Ẹni tó bá ń rẹ́rìn-ín láìnídìí, òun ni. Wọn kì í sábà ṣì í.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, ìyàwó mi gbé ẹ̀wà kaná, ó ní ká bá òun wò ó, ó sáré lọ fi orin dánra wò ní ṣọ́ọ̀ṣì. Àwa méjèèjì ló dá lóhùn. Fíìmù bẹ̀rẹ̀, ère orí Edgar Wallace ń yí bírí nínú èéfín. Nígbà tó yá, kùrukùru gba pálọ̀ kan.

Màmá mirí. "Tẹlifíṣọ̀n yín yìí mà dára o. Mo tiẹ̀ ń gbóòórùn rẹ̀."

Ẹ̀rọ tó máa ń ké bí èéfín bá pọ̀ bá figbe ta. Màmá pàtẹ́wọ́: "Ọlọ́pàá ti dé!"

Kí n tó dé ìdí ààrò, ẹ̀wà ti di èédú.

Ìyàwó mi wọlé, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà tòun ti kóòtù. "Ta ló jẹ́ kó jóná?"

Ẹ̀rín ń gbọ̀n mí, mi ò lè pa á mọ́ra.

Màmá nàka sí mi. "Òun náà nìyẹn. Ṣé o ò rí eyín rẹ̀ ni?"

Gàrí la mu sùn. Wọn ò fún mi ní ṣúgà. Màmá ní ọ̀daràn kì í fi ṣúgà mu gàrí.