Bóòtù mẹ́rin, ọjọ́ méjì

Bóòtù mẹ́rin péré ni mo rí tú ní ọjọ́ méjì àkọ́kọ́. Ọkọ̀ Land Rover Series IIA kan tí mo ń tún ṣe ni, irú èyí tí wọ́n ṣe láàárín 1961 sí 1971, àwọn bóòtù rẹ̀ sì ti dípẹtà débi pé sípánà kò rí ibi dì mú mọ́. Mo ń fọ́n epo sí wọn lálẹ́, ó ń di àárọ̀ kí n tó fi iná yan nọ́ọ̀tì. (Ẹ nu epo náà kúrò dáadáa kí ẹ tó tan iná o.)

Ara ọkọ̀ náà kò dípẹtà, torí alumíníọ́mù ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ṣùgbọ́n níbi tó ti fara kan irin, tí omi sì dé ibẹ̀, ó ti jẹ di ìyẹ̀fun funfun. Mo fọwọ́ kan ibì kan, ó rún.

Ṣáṣì, ìyẹn egungun irin tó gbé gbogbo ọkọ̀ ró, ló gba ọkàn mi jù. Ó ṣófo nínú bí àpótí gígùn. Ẹrẹ̀ a kó síbẹ̀, omi a dúró, ìpẹtà a sì bẹ̀rẹ̀ láti inú wá. Mo fi òòlù kékeré lù ú jẹ́jẹ́ láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ibi tó bá dún gbọnran, ó ṣì le. Ibi tó bá dún pọ̀ọ̀, ó ti tán. Ẹnìkan ti jó páànù lé ìpẹtà lórí níbẹ̀ rí, ó sì dùn mí gan-an. Mo gé gbogbo rẹ̀ títí mo fi kan irin tó mọ́, kí n tó jó tuntun mọ́ ọn.

Ẹ́ńjìnnì kò yọ mí lẹ́nu.

Lánàá ni mo kun ṣáṣì náà lọ́dà. Mo jókòó tì í títí ilẹ̀ fi ṣú.