Ẹ Má Wọ Bàtà Tuntun Lọ sí Montgomery

Aago 7 òwúrọ̀ ni bọ́ọ̀sì wa yẹ kó gbéra ní Atlanta. Aago 10 kọjá kó tó yí táyà. Ẹ̀rọ amúlétutù ti kú, awakọ̀ ò sì sọ pé "ẹ má bínú". Nígbà tá a fi dé Montgomery ní ìpínlẹ̀ Alabama, orí mi ti ń hó. Onítakisí kan ní kí n mú dọ́là 18 wá fún ibi tí mo lè fẹsẹ̀ rìn dé ní ìṣẹ́jú 40. Ó tì o! Mo rìn. Bàtà tuntun ló wà lẹ́sẹ̀ mi, kí n sì tó dé ilé ìrántí Rosa Parks, obìnrin aláwọ̀ dúdú tó kọ̀ láti dìde fún òyìnbó nínú bọ́ọ̀sì, ó ti bó mi ní gìgísẹ̀.

Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ pé iwájú ni aláwọ̀ dúdú ti máa ń sanwó bọ́ọ̀sì láyé ìgbà náà, á wá sọ̀ kalẹ̀ kó lọ gba ẹ̀yìn wọlé. Awakọ̀ mìíràn á gbowó tán, á sì ṣáná sí i kẹ́ni náà tó dé ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn. Èyí tiẹ̀ burú ju tèmi lọ! Nígbà tí wọ́n mú Rosa Parks ní December 1, 1955, torí pé kò dìde, àwọn aláwọ̀ dúdú ìlú náà pa bọ́ọ̀sì tì fún ọjọ́ 381. Àwọn onítakisí aláwọ̀ dúdú ń gba sẹ́ǹtì 10 péré lọ́wọ́ wọn, iye owó bọ́ọ̀sì gan-an, àfi ìgbà tí ìjọba ìlú fi òfin halẹ̀ mọ́ wọn pé kò gbọdọ̀ dín sí sẹ́ǹtì 45. Mo rántí onídọ́là 18 mi. Ọ̀pọ̀ ìyá tó ń ṣiṣẹ́ ilé fún òyìnbó ló ń rìn lọ rìn bọ̀. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni mo rìn, ó ṣì ń dùn mí.

Ẹ fetí sílẹ̀ o: bọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀, àwòṣe ni. Èyí tí Parks wọ̀ gan-an wà ní ilé ìrántí Henry Ford ní Dearborn, Michigan. Mo ti ya fọ́tò 11 kí n tó mọ̀! Ó sì dùn mí pé Parks nìkan ni gbogbo ayé mọ̀, nígbà tí Claudette Colvin, ọmọbìnrin aláwọ̀ dúdú ọmọ ọdún 15, ti kọ̀ láti dìde ní March ọdún yẹn kan náà, tó sì wà lára àwọn obìnrin tí ẹjọ́ wọn dé ilé ẹjọ́ gíga jù lọ, tó fòpin sí yíya dúdú sọ́tọ̀ kúrò lára funfun nínú bọ́ọ̀sì.

Ṣùgbọ́n Georgia Gilmore ló gba ọkàn mi. Alásè ni. Òun àtàwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ ń din adìẹ, wọ́n ń ṣe páì, wọ́n ń tà á, wọ́n sì ń kó owó náà fún àwọn tó ń ra epo sí mọ́tò tó ń gbé àwọn tó pa bọ́ọ̀sì tì. Bí wọ́n bá bi wọ́n pé níbo lowó ti wá, wọ́n á ní kò wá láti ibì kankan. Orúkọ tí wọ́n fún ẹgbẹ́ náà nìyẹn. Ọgbọ́n ìyálọ́jà pọ́nńbélé!

Ebi bá dé. Mo jẹ ẹja àrọ̀ díndín pẹ̀lú ẹ̀fọ́: dọ́là 24, tíìpù ò sí níbẹ̀. Ó wọ́n, ṣùgbọ́n ẹja náà ń dún kàrà-kàrà lẹ́nu, ìyá tó gbé e wá sì pè mí ní ọmọ rẹ̀. Inú mi rọ̀. Mo ra páì ọ̀dùnkún kan dání, torí mo mọ̀ pé bọ́ọ̀sì ìrọ̀lẹ́ á tún pẹ́.

Ó pẹ́ lóòótọ́. Mo jẹ páì náà tán ní ibùdókọ̀, láìwọ bàtà.